Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Ìtàn Àròsọ Sáyẹ́ǹsì Nínú Kíláàsì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ Lítíréṣọ̀ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Ìkọ̀lé-Èkìtì. Mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ní sáà tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń darí ẹ̀ka wa sọ pé eré ọmọdé ni, àti pé ọmọ tí kò tíì mọ àròkọ kọ kò ní ohun tó ń wá lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹlòmíràn láàárín wa tún ní bó bá jẹ́ ti ìtàn ìyanu ni, ṣebí Fágúnwà ti tó. Kí ni kí n fi dá wọn lóhùn, báwo ni mo sì ṣe lè kọ́ ọ nígbà tí kò sí ìwé?
— Olùkọ́, Ìkọ̀lé-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ Fágúnwà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ ti hàn. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní ọdún 1938, ọdẹ wọ igbó, ó sì ń pàdé ẹ̀dá abàmì lóríṣiríṣi. A kì í béèrè bí agbára wọn ṣe ń ṣiṣẹ́, a gbà pé bí wọ́n ṣe rí nìyẹn, a sì ń gbádùn ìtàn lọ. Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì kò gbà bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé lè yí ohun kan padà nínú ayé tí a mọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti yí i padà tán, ó di dandan kó tẹ̀lé gbogbo ohun tí àyípadà náà bá fà, kó má sì fi oògùn gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Nínú Frankenstein, tí Mary Shelley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní ọdún 1818, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ irú ìtàn yìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ kẹ́mísírì ló ṣẹ̀dá alààyè náà, kì í ṣe adáhunṣe, ọ̀pọ̀ nínú wàhálà tó sì tẹ̀lé e ló ti ibi pé ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ sá fún un wá. Nítorí náà, Fágúnwà tó fún iṣẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni èyí.

Ní ti ìwé, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láìsí i. Pátákó, ṣọ́ọ̀kì àti òtítọ́ sáyẹ́ǹsì kan ṣoṣo ti tó. Ìgbì rédíò ń rìn tó nǹkan bí 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ti yára tó yẹn, nígbà tí pílánẹ́ẹ̀tì Mars bá sún mọ́ wa jù lọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 ni ohùn yóò lò kó tó débẹ̀, nígbà tó bá sì jìnnà jù lọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 ni. Kò sí fóònù tó lè mú un yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó, kí ẹ wá ní kí àwọn ọmọ fojú inú wo ọmọbìnrin kan láti Ìkọ̀lé tó ń ṣiṣẹ́ ní Mars, tó fẹ́ kí ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.” (Kíkúnlẹ̀ kò ní nira fún un, nítorí agbára òòfà ibẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 38 nínú 100 ti ayé wa lọ.) Ìyá dáhùn pé, “Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?” Bó bá jẹ́ ìgbà tí Mars jìnnà ni, ìṣẹ́jú 44 ti lọ kí ìdáhùn yẹn tó dé etí ọmọ. Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ wà níbẹ̀ ńkọ́? Bàbá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ bí ìkíni wa ti gùn tó. Ẹ ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀: ìkíni tó lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá yóò gba ìṣẹ́jú 440, ìyẹn ju wákàtí 7 lọ, ẹnikẹ́ni kò sì tíì dárúkọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pe ara wọn.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá béèrè ohun tí àwọn ọmọ Èkìtì tó bá ń gbé Mars yóò ṣe. Ṣé wọn yóò kó gbogbo ìkíni pọ̀ sínú ohùn kan ṣoṣo, tí ọmọ yóò máa dáhùn ìbéèrè tí ìyá kò tíì bi í? Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé àgbàlagbà kan nílé kò ní sọ pé ọmọ yìí ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́, ó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà? Ọmọ tó bá kọ ojú ìwé méjì lórí ìyẹn ti kọ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, bí kò tilẹ̀ mẹ́nu kan ọkọ̀ òfuurufú rárá, àròkọ gidi ló sì kọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ gbé síwájú ọ̀gá yín dípò kí ẹ máa bá a jiyàn.

Àwọn tó sún mọ́ Ìkógòsí tún ní tiwọn, níbi tí ìsun omi gbígbóná àti ti omi tútù ti pàdé. Àwọn àgbà ní ìtàn tiwọn lórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé ooru abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń mú omi náà gbóná. Kí ọmọ kọ nípa ọjọ́ tí omi gbígbóná náà ṣàdédé tutù: kí ló yí padà nísàlẹ̀, ta ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀?

Tí ẹ bá ń máàkì, ọmọ tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀run tí áńgẹ́lì sì wá tún un ṣe kò ṣe ohun tí ẹ kọ́ ọ, bí èdè rẹ̀ tilẹ̀ dùn. Ẹ bẹ olùkọ́ Físíìsì kó bá yín yẹ ìṣirò wọn wò.

ÌBÉÈRÈ: Mo wà ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì ní Adó-Èkìtì. Mo fẹ́ kọ pírójẹ́ẹ̀tì mi lórí ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kò sí alábòójútó tó máa gbà á, pé kò sí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé lórí rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?
— Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe òótọ́, ọmọ wa. Láti ọdún 1959 ni Thomas Clareson ti dá jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà àwọn ọ̀mọ̀wé) Extrapolation sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí rẹ̀, Science Fiction Research Association, bẹ̀rẹ̀ ní 1970, jọ́nà Science Fiction Studies sì tẹ̀lé e ní 1973. Darko Suvin, onímọ̀ lítíréṣọ̀ tó ṣe ìwádìí lórí irú ìtàn yìí, ni kí o kọ́kọ́ kà. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1979, ó ní irú ìtàn yìí a máa sọ ayé tí a ti mọ̀ di àjèjì lójú wa, kí a lè fi òye tún un wò, ó sì ya ìtàn iwin àti ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá. Ààlà yẹn náà ni mo fún olùkọ́ Ìkọ̀lé lókè yìí, nítorí ó wúlò fún ọmọ girama. Ní yunifásítì, òun gan-an ló yẹ kí o dán wò. Mú Rosewater tí Tade Thompson kọ, tó jáde ní 2016, tó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke, tí wọ́n ń fún ìwé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, ní 2019. Nàìjíríà ọdún 2066 ni ìtàn náà dá lé. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí àwa ìbá pè ní aríran, ṣùgbọ́n ẹ̀dá tíntìntín tó dà bí olú, tó ti ayé mìíràn wá, tó kún inú afẹ́fẹ́, ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ inú ẹlòmíràn. Ìhà wo ni Suvin yóò fi irú aríran bẹ́ẹ̀ sí? Ìbéèrè yẹn nìkan tó pírójẹ́ẹ̀tì. Gbé e lọ bá alábòójútó rẹ báyìí, kó má jẹ́ orí-ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ bí ọjà.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, ọmọ ọdún 12, kò ka nǹkan mìíràn mọ́ ju irú ìtàn wọ̀nyí lọ. Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?
— Ìyá Ìbejì, Ìjerò-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbà á, mà. Rosewater tí a dárúkọ lókè kì í ṣe ti ọmọdé, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Èyí tó ń kà lọ́wọ́, ẹ ní kó sọ ohun kan nínú rẹ̀ tí kò lè ṣẹlẹ̀, kó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín. Bí kò bá lè ṣàlàyé, ẹ rán an lọ mú ìwé sáyẹ́ǹsì iléèwé rẹ̀ wá.