Ta ló ní ìràwọ̀ ni Astrid?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀: ṣé lóòótọ́ ni pé "ìràwọ̀" ni ìtumọ̀ Astrid, orúkọ tí àwọn ará Sweden ń sọ ọmọbìnrin?

Rárá o. Irọ́ yìí ti pọ̀ jù. Wọ́n gbọ́ "ast", wọ́n rántí ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n fi ń pe ìràwọ̀, ó parí. Àwọn ará Norway, Sweden, Denmark àti Iceland ló ni orúkọ yìí, kò bá Gíríìkì tan rárá.

Ibi tí wọ́n ti gé e ni wọ́n ti ṣìnà. "Ás" ni apá àkọ́kọ́ ní èdè wọn àtijọ́, ìyẹn òrìṣà, irú Odin àti Thor. "Fríðr" ni ìkejì, ìyẹn arẹwà. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí, kó lọ wo òkúta méjì tí wọ́n rí nítòsí Hedeby, tó bọ́ sí àríwá Jámánì lónìí. Láàárín ọdún 900 sí 1000 ni ìyá kan, ọmọbìnrin ọkùnrin tó ń jẹ́ Odinkar, gbé wọn kalẹ̀ ní ìrántí ọmọ rẹ̀, Ọba Sigtrygg. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ orúkọ ìyá náà sí i ni "asfriþr". Ẹ ò rí F láàárín? Nígbà tó yá ni ahọ́n gbé F mì, tí T sì yọjú láàárín S àti R: Ástríðr. T tí ẹ rò pé ó ti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ wá, àtọ̀húnrìnwá ni. Àwọn tó ní "ást", ìfẹ́, ni, òkúta kan náà ti dá wọn lóhùn.

Ẹ má sì túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń túmọ̀ Ifádùnní. Gbólóhùn ni Ifádùnní. Astrid kì í ṣe gbólóhùn. Láyé àtijọ́, òbí lè yọ apá kan lára orúkọ ẹbí, kó so ó mọ́ òmíràn. "Fríðr" yìí náà ló wà ní ìdí Sigrid àti Ingrid. Àwọn tó ń ṣa orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ò tilẹ̀ bìkítà.

Estrid ni Denmark ń pè é tẹ́lẹ̀. Svend tó jọba níbẹ̀ láti 1047 sí 1076, Estridsen, "ọmọ Estrid", ni wọ́n ń pè é, torí ìyá rẹ̀ ni ọmọ ọba, kì í ṣe bàbá.

Ní Sweden, 27 November ni ọjọ́ orúkọ Astrid, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń jẹ́ ẹ lórí kàlẹ́ńdà, wọ́n sì ń pe D rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé Norway, ẹ gbé D jù: "Astri" ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.