Kí ló dé tí ọmọlangidi inú tẹlifíṣọ̀n ń fi ọwọ́ òsì gba nǹkan?

Ìyá kan ní Ìbarà, níbí ní Abẹ́òkúta, ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 4 fẹ́ràn àwọn ọmọlangidi Sesame Street, eré tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé láti Amẹ́ríkà, ju oúnjẹ lọ. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà fẹ́ fún un lẹ́ran, ọmọ na ọwọ́ òsì. Ìyá àgbà fa ẹran sẹ́yìn, ó ní ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ní, "Bí Bert ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Gbogbo ilé bá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láti fojú ara wọn rí i, òótọ́ sì ni. Òsì ni wọ́n fi ń gba nǹkan, òsì náà ni wọ́n fi ń juwọ́ síni. Ìyá àgbà ní wọn ò kọ́ wọn nílé. Ìyá ọmọ wá bi mí pé kí ló fà á, àti pé kí ni àwọn bàbá wa ní lọ́kàn gan-an tí wọ́n fi sọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó na ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba àwọn ọmọlangidi náà sílẹ̀. Ènìyàn wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí kámẹ́rà kì í jẹ́ ká rí. Onítọ̀hún á na ọwọ́ ọ̀tún sókè kọjá orí ara rẹ̀, á tì í bọ inú orí ọmọlangidi. Àtàǹpàkò rẹ̀ ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ìka 4 yòókù ni òkè ẹnu. Iṣẹ́ ẹnu yìí ló le jù, torí bí ẹnu kò bá là lásìkò tí ọ̀rọ̀ ń jáde, ọmọdé pàápàá á mọ̀ pé irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún wọn ló já fáfá, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ tó le fún un. Òsì ló ṣẹ́ kù, òun ni wọ́n fi ń di igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ọwọ́ ọmọlangidi. Bí Bert bá fẹ́ gba nǹkan, ọwọ́ òsì ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń bá a gbà á.

Ti Ernie àti Cookie Monster yàtọ̀ díẹ̀. Ènìyàn méjì ló máa ń wà lábẹ́ wọn, ẹnì kejì ló ń yá wọn ní ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ wò wọ́n dáadáa, ẹ ó rí i pé ìka wọn ń ká, ó ń nà, ó ń di nǹkan mú.

Èyí tó wú mi lórí jù ni Big Bird, ẹyẹ aláwọ̀ ìyeyè tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íǹṣì 2. Caroll Spinney ló wà nínú rẹ̀ láti ọdún 1969 tí eré náà bẹ̀rẹ̀ títí di 2015, ó sì ń fọhùn fún un títí di 2018. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń gbé orí ẹyẹ sókè, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló wà nínú apá òsì. Apá ọ̀tún kò ní ọwọ́ ènìyàn nínú rárá. Okùn ìpẹja ni wọ́n so mọ́ ọn, tí wọ́n gbà lábẹ́ ọrùn ẹyẹ wá so mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì. Bí òsì bá lọ sílẹ̀, ọ̀tún á gòkè. Kò sì sí ojú tó fi lè wòta nínú ìyẹ́ yẹn. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ọn láyà ló ń wò tó fi ń rìn. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún kí àwọn ọmọ lè rẹ́rìn-ín, ẹ ò rí i pé kò yẹ ká pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Ó wá ku tiwa. Ọwọ́ ọ̀tún ni Yorùbá fi ń jẹun láwo kan náà pẹ̀lú ẹlòmíràn, òsì ni wọ́n fi ń nu ìdí. Ibẹ̀ ni èèwọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀wọ̀ ló sì gbé e ró. Bí o bá na òsì sí mi, o ń sọ fún mi pé èmi kò tó ẹni tí ò ń fi ọwọ́ oúnjẹ rẹ fún ní nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò bá ráyè fi máa ń tọrọ gáfárà. Ẹ lọ sọ́jà àdìrẹ ní Ìtòkú lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Ìyá aláṣọ á di ìdìpọ̀ aṣọ mú ní ọ̀tún, á fi òsì na ṣéńjì sí yín, á ní, "Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni o." Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń bínú.

Òwe tí ẹ béèrè, orí ìṣe yìí ló jókòó lé. Ilé baba ẹni ni orírun ẹni. Ẹni tó bá fi òsì júwe rẹ̀ fún àlejò ti fi orírun ara rẹ̀ wọ́lẹ̀, àlejò á sì bá a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá tó dé Èkó tó ń sọ pé òkúta lásán ni Olúmọ, òun gan-an ni òwe náà ń bá wí. Kì í ṣe ọmọ tó na òsì sí ẹran.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ fún ìyá àgbà. Òsì kì í ṣe òṣì. Àwọn tí ahọ́n wọn kò ya s sọ́tọ̀ kúrò lára ṣ ló máa ń da ọwọ́ òsì pọ̀ mọ́ ìṣẹ́ àti òṣì, tí wọ́n á fi máa na ọmọ tí Ọlọ́run dá ní ọlọ́wọ́ òsì bíi pé ó gbé ibi wọlé. Yorùbá kò kórìíra òsì. A ń jẹ Ọ̀tún Balógun, a ń jẹ Òsì Balógun. A ń sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá wa yìí, níbi tí Ògbóni ti wà lára àwọn tó ń ṣàkóso ìlú láyé àtijọ́, òsì ni àwọn awo fi ń kí ara wọn. Lára ẹdan púpọ̀, ìyẹn ère idẹ àwọn Ògbóni, ẹ ó rí ère tó di ẹ̀ṣẹ́ òsì lé ti ọ̀tún lórí, tó fi àtàǹpàkò méjèèjì pamọ́. Òsì tí à ń sá fún lójúde ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ní ilédì, ilé ìpàdé Ògbóni.

Ní ti ọmọ, ẹ wá ìbọ̀sẹ̀ kan tó ti gbó. Mo ṣe é fún ọmọ àbúrò mi ní ìsinmi tó kọjá. A ti ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, mo fi bírò ya ojú méjì sí i, mo ní kó máa sọ̀rọ̀. Ó ń là á, ó ń pa á dé, ó ń kí gbogbo wa. Ìyá mi bá na bisikíìtì sí i. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀, ó rò ó díẹ̀, ló bá na òsì gbà á. Ó wá la ẹnu ìbọ̀sẹ̀ náà, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, ọwọ́ òsì ni o."