Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ́ńjìnnì Ṣọ́ńtà, Lójú Irin Gidi àti Lórí Tábìlì

Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ nípa rélùwéè kékeré orí tábìlì nínú ojú ewé yìí, lẹ́tà tó ń dé ọwọ́ mi lórí ẹ́ńjìnnì ṣọ́ńtà pọ̀ ju ti àwọn ẹ́ńjìnnì ńláńlá lọ. Mo yan mẹ́rin nínú wọn. Fún àǹfààní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ṣọ́ńtà ni ẹ́ńjìnnì kékeré tí kì í rin ọ̀nà jíjìn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fa wágọ́ọ̀nù, kí ó máa tì í, kí ó sì máa tò ó nínú yáàdì, ìyẹn ọgbà ojú irin tí wọ́n ti ń tú wágọ́ọ̀nù, tí wọ́n sì ń tò wọ́n. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní switcher.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń kó ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré jọ, àwọn tó ń sáré ni mo sì fẹ́ràn. Ọ̀rẹ́ mi kan kò ní ju ṣọ́ńtà méjì lọ, síbẹ̀ ó lè jókòó tì wọ́n fún odindi ìrọ̀lẹ́ kan. Kí ló rí níbẹ̀ tí èmi kò rí?

ÌDÁHÙN: Iṣẹ́ ni ọ̀rẹ́ yín rí níbẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ tó ń sáré lórí tábìlì: bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, yíyípo ni yóò máa yípo, yóò sì padà kọjá níbi tó ti kọjá ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn láìgbé nǹkan kan débì kan. Ṣọ́ńtà kì í lọ síwájú tàbí sẹ́yìn láìnídìí. Ó lọ mú wágọ́ọ̀nù kan nítorí pé wágọ́ọ̀nù náà ló dí ọ̀nà mọ́ èyí tí wọ́n nílò. Ó gbé e sí apá kan, ó padà wá mú èyí tí wọ́n nílò, lẹ́yìn náà ló tó dá ti àkọ́kọ́ padà sáyè rẹ̀. Ẹni tó bá di ìjánu rẹ̀ mú gbọ́dọ̀ máa ronú ṣáájú rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bí ẹni tó ń ta ayò. Ìdí nìyẹn tí ìrọ̀lẹ́ fi ń lọ mọ́ ọ̀rẹ́ yín lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú irin gidi. Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù bá wọ yáàdì, wágọ́ọ̀nù tó ń lọ sí ibi mẹ́wàá lè wà lára rẹ̀, kò sì sí èyí tí yóò dé ọwọ́ ẹni tó ni ín àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ tú wọn, kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, kí wọ́n sì so wọ́n pọ̀ lọ́tun.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú yáàdì ni ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1925, ilé iṣẹ́ Central Railroad of New Jersey gba ẹ́ńjìnnì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1000, èyí tí ilé iṣẹ́ mẹ́ta, ALCO, General Electric àti Ingersoll-Rand, jọ ṣe, tí agbára rẹ̀ kò ju ti 300 ẹṣin lọ. Òun ni ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tó mú èrè wá fún ẹni tó rà á ní orílẹ̀-èdè náà. Wọn kò rán an lọ sí ọ̀nà jíjìn. Yáàdì kékeré kan ní Bronx, ní New York, ni wọ́n fi í sí, níbi tí wágọ́ọ̀nù ti ń gba orí omi dé nínú ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ, nítorí pé òfin ti ń lé èéfín ẹ́ńjìnnì olóoru kúrò nínú ìlú náà. Ìdí mìíràn tún wà tó kan ṣọ́ńtà ju ẹ́ńjìnnì yòókù lọ: ìdúró rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ẹ́ńjìnnì olóoru tó dúró ṣì ń jẹ èédú, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ iná rẹ̀ àti omi rẹ̀, nígbà tí epo tí dísẹ́ẹ̀lì ń jẹ lórí ìdúró kéré, tí ènìyàn sì lè pa á pátápátá kí ó lọ jẹun. Nọ́ńbà 1000 yìí ṣiṣẹ́ títí di ọdún 1957, ó sì wà ní B&O Railroad Museum ní Baltimore fún ẹni tó bá fẹ́ rí i.

Ti Bìrìtéènì ni èmi fẹ́ràn jù. Láàárín ọdún 1952 sí 1962, wọ́n ṣe 996 ṣọ́ńtà irú kan náà tí wọ́n wá ń pè ní Class 08. Agbára rẹ̀ jẹ́ ti 350 ẹṣin, èyí tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mìíràn ní lóde òní, eré rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 24 ní wákàtí kan lọ. Báwo ló ṣe wá ń fa ẹrù tó ń fà? Ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 50, orí ẹsẹ̀ mẹ́fà tí mọ́tò ń yí sì ni gbogbo ìwúwo náà wà, tí ẹsẹ̀ kò fi ń yọ̀ lórí irin. Gíà rẹ̀ sì ti fi eré ṣe pàṣípààrọ̀ fún agbára fífà. Bí ẹ bá mọ èyí, ẹ ó rí i pé ìfàsẹ́yìn kọ́ ni ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n dìídì ṣe é fún ni.

ÌBÉÈRÈ: Ṣọ́ńtà mi tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ti ìwọ̀n HO, máa ń kú sójú kan náà ní gbogbo ibi tí irin bá ti yà. Bí mo bá fi ìka tì í, yóò fò síwájú lójijì. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó tà á ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì dá a padà. Irú ìṣòro yìí mú kí n fi ṣọ́ńtà mi àkọ́kọ́ pamọ́ sínú páálí fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí tí mo fi rí i pé ojú irin mi ló ní ẹ̀bi. Láti ojú irin ni iná mànàmáná ti ń gba ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì wọlé. Ẹ́ńjìnnì gígùn ní ẹsẹ̀ púpọ̀ tó jìnnà síra, nítorí náà bí méjì kò bá rí iná, mẹ́fà yòókù á rí i. Ẹsẹ̀ ti ṣọ́ńtà súnmọ́ra. Bí ó bá dé àárín póìntì, ìyẹn ibi tí ojú irin kan ti yà sí méjì, níbi tí irin méjì ti pàdé, tí ibẹ̀ sì jẹ́ ike tí iná kò lè gbà kọjá, ẹsẹ̀ tó kù lè máà tó láti gbé e.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ́tótó, torí pé òun ló rọrùn jù. Ẹ fi aṣọ tí kò ní fọ́nrán tó ń já, tí ẹ ti fi isopropyl (irú ọtí tí wọ́n fi ń nu nǹkan) rẹ díẹ̀, nu ojú irin àti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì títí aṣọ kò fi ní dúdú mọ́. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí iná má sì sí nítòsí. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo póìntì yín. Bí ẹ bá lè rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú irú èyí tí ààrin rẹ̀ jẹ́ irin tó ń gba iná, ẹ rọ́pò rẹ̀, àtúnṣe tó máa ń tọ́jọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá ń lo DCC, ìyẹn ètò tó ń fi àmì dígítà gba ojú irin darí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, ẹ lè ní kí wọ́n so kàpásítọ̀ kékeré mọ́ inú ẹ́ńjìnnì náà, èyí tí yóò tọ́jú iná ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ pamọ́ láti fi ré ibi tí kò sí iná kọjá. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: àwọn olùṣe mìíràn máa ń fi rọ́bà yí ẹsẹ̀ kan tàbí méjì ká kí ó lè fa ẹrù dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà kì í gba iná. Bí ààyè bá wà nínú ara rẹ̀, ìwọ̀n òjé díẹ̀ á ràn án lọ́wọ́ láti tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ irin.

Nígbà tí ẹ bá ti ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ dán an wò báyìí: ẹ wọn mítà kan lórí irin, kí ẹ sì gbìyànjú kí ẹ́ńjìnnì náà fi ìṣẹ́jú kan gbáko rìn ín. Ní ìwọ̀n HO, tí gbogbo nǹkan jẹ́ ìdá kan nínú 87 ti gidi, ìrìn yìí bá kìlómítà márùn-ún lé díẹ̀ ní wákàtí kan mu, ìyẹn ìrìn ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Bí ó bá lè rìn ín láìdúró, láìfò, ẹ́ńjìnnì gidi lẹ ní lọ́wọ́. Ẹni tó ń lo ìwọ̀n N, tó jẹ́ ìdá kan nínú 160, lè fún tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Pákó tí mo ní kò gùn ju mítà kan lọ, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Wọ́n ní kò sí rélùwéè tó lè gba ibẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe òótọ́, ọmọ mi. Pákó tìrẹ yìí gba ọ̀kan nínú àwọn eré ìdárayá tó dára jù lọ tí mo mọ̀. Alan Wright, ará Bìrìtéènì, ló gbé e kalẹ̀, Inglenook Sidings sì ni orúkọ rẹ̀. Póìntì méjì péré ló ní, àti ojú irin mẹ́ta tó dópin: ọ̀kan gba wágọ́ọ̀nù márùn-ún, méjì yòókù gba mẹ́ta mẹ́ta. Lápá kejì ni irin tí ṣọ́ńtà ti ń ṣe lọ-bọ̀ wà, kò sì gbọdọ̀ gùn ju ẹ́ńjìnnì àti wágọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ. Lo ìwọ̀n N, tí àlàfo láàárín irin rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 9. Bí o bá lo wágọ́ọ̀nù kúkúrú, yóò wọ inú mítà kan náà. HO kò ní wọ̀ ọ́.

Wágọ́ọ̀nù mẹ́jọ ni wàá kó síbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ sí ìkejì. Kọ orúkọ wọn sórí káàdì mẹ́jọ, pò wọ́n pọ̀, kí o sì fa márùn-ún. Iṣẹ́ rẹ ni láti to wágọ́ọ̀nù márùn-ún náà sórí irin gígùn bí káàdì ṣe tẹ̀léra gẹ́lẹ́. Ọ̀nà 6,720 ni káàdì náà lè gbà jáde, nítorí náà ó máa pẹ́ kí ó tó sú ọ. Níbẹ̀rẹ̀, wàá rò pé iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe, nítorí pé wágọ́ọ̀nù tí o fẹ́ á máa wà lẹ́yìn méjì tí o kò fẹ́. Kọ́ láti máa fi irin kúkúrú kan sílẹ̀ ní òfìfo nígbàkígbà tí o bá lè ṣe é, torí pé ẹni tó bá kún gbogbo irin tán ti so ara rẹ̀ lọ́wọ́.

John Allen, ará Amẹ́ríkà, náà gbé irú eré yìí kan jáde ní ọdún 1972, Timesaver ni wọ́n ń pè é, aago ni wọ́n sì fi ń díje níbẹ̀. Ó gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní gbà ọ́ níyànjú láti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé aago ń kọ́ni ní ìkánjú, ìkánjú kò sì yẹ ṣọ́ńtà. Ní yáàdì gidi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ rìn dé ibi ìkọ́, kí ó so ó, kí ó so okùn afẹ́fẹ́ bíréèkì, kí ó kúrò láàárín, kí ó tó júwe fún awakọ̀. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí wágọ́ọ̀nù bá kan ara wọn, dúró, ka ení dé ogún, kí o tó tún gbéra. Wàá rí i bí gbogbo rẹ̀ yóò ṣe yí padà lójú rẹ.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ lọ wo ṣọ́ńtà gidi lẹ́nu iṣẹ́. Kí ni kí n máa kíyè sí?

ÌDÁHÙN: Ẹ dúró sẹ́yìn ọgbà, níbi tí gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró sí, ẹ má sì ṣe wọ ojú irin rárá, nítorí pé wágọ́ọ̀nù tí wọ́n tì tí wọ́n sì tú sílẹ̀ máa ń yí bọ̀ láìsí ariwo tó lè ta yín lólobó. Ẹ wo bí ibi ìjókòó awakọ̀ ṣe ga ju ara ẹ́ńjìnnì lọ, tí ó fi ń rí iwájú àti ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ Class 08, èyí tí ọ̀pọ̀ rélùwéè àtijọ́ ní Bìrìtéènì ṣì ń lò, ẹ wo ọ̀pá irin tó so ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ mú ìwé kékeré lọ́wọ́, ẹ kọ bí wágọ́ọ̀nù ṣe tẹ̀léra nígbà tí ẹ dé, àti bí wọ́n ṣe tẹ̀léra nígbà tí ẹ ń lọ. Ní alẹ́, ẹ to ti àkọ́kọ́ sórí tábìlì yín, kí ẹ wo iye ìgbésẹ̀ tí yóò gbà yín kí ó tó di ìkejì.