Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́n bíláákì ọ́ìlì sábẹ́ mọ́tò yín o

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Corolla tòkunbọ̀, Oǹdó lẹ wà, àwọn ọmọ kááwọ́ọ̀ṣì wá ní kẹ́ ẹ mówó wá káwọn fọ́n bíláákì ọ́ìlì sí gbogbo abẹ́ ẹ̀ kó má bàa dógùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Ojú mi ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Camry kan ni mo ní kí n tó ra mọ́tò tí mò ń lò báyìí. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, ìyàwó mi ń ta ẹja l'Ọ́jà Ọba, torí náà kò sí ọ̀sẹ̀ tá ò kì í lọ Igbókòdá, nígbà míì a tún máa ń sún mọ́ etí òkun níbi táwọn Ìlàjẹ ti ń já ẹja. Tá a bá ti dé, mo máa ń gbé mọ́tò lọ sí kááwọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bomi lu òkè ẹ̀, wọ́n á fi Omo fọ̀ ọ́ (gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ni Omo lẹ́nu tiwa, ì báà jẹ́ Klin ni wọ́n rà), á máa dán, màá sanwó, ó tán. Abẹ́ ńkọ́? Lọ́dọọdún wọ́n á fọ́n bíláákì ọ́ìlì síbẹ̀, á dúdú kirimú, inú èmi náà á sì máa dùn pé mo tọ́jú mọ́tò.

Ó tó ọdún mẹ́ta sígbà yẹn, mo wá ń gbọ́ ko-ko-ko lábẹ́ tí mo bá ti wọ kòtò, ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan n'Íjọ́kà. Ó fi jáákì gbé e, ó wọ abẹ́ lọ, mo kàn gbọ́ tó pòṣé. Ó fi skurudiráfà kan irin abẹ́ ẹnu ọ̀nà dẹ́rẹ́bà jẹ́jẹ́ báyìí, ẹ gbà mí gbọ́, ńṣe ló wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ ẹ̀kọ tútù. Nígbà tó fà á yọ, iyẹ̀pẹ̀ pupa ló tẹ̀lé e jáde, ó tutù rinrin, ó dì bí èkùrù, bẹ́ẹ̀ oṣù kejì la wà o, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀! Ẹrẹ̀ ọdún tó kọjá ló jókòó síbẹ̀ tó ń mu omi tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò, òun náà ló sì ń jẹ irin náà látinú. Ọ́ìlì tí mo ń sanwó fún, ìta ló wà, ó kàn bo ẹrẹ̀ àti ìpẹtà mọ́lẹ̀ kójú mi má bàa rí i ni.

Ko-ko-ko yẹn gan-an, ọ́ìlì yẹn lọ́wọ́ sí i. Ọ́ìlì ò bá rọ́bà ṣọ̀rẹ́, àwọn bọ́ọ̀ṣì, ìyẹn àwọn rọ́bà tó wà láàárín irin abẹ́ mọ́tò, ti wú, wọ́n ti rọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín. Eruku sì ti lẹ̀ mọ́ gbogbo abẹ́ bí yájì ṣe ń lẹ̀ mọ́ sùúyà. Ká má wá sọ tó bá ta sára páàdì bírékì, ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ ìpẹtà.

Búùtù tún wá ni tiẹ̀. Omi ẹja ti ń jò lọ síbi tí sípíà táyà ń gbé, omi oníyọ̀ ni, a ò mọ̀, àfìgbà tí mo gbé táyà sókè tí mo rí títì láti ibẹ̀. Iyọ̀ burú gan-an fún irin, ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, kì í jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ bọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ wo Corolla yẹn dáadáa, torí Kánádà àti apá òkè Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín, mọ́tò míì ti jẹ iyọ̀ yó kó tó wọkọ̀ ojú omi bọ̀ wá bá wa. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé sípíà, ẹ fọwọ́ kàn án.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ò le. Tí mo bá ti Igbókòdá dé, mi ò jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, omi lásán ni mo fi ń fọ abẹ́ ẹ̀, mo máa ń ti ọwọ́ bọ ibi tí irin ti ṣẹ́ po lókè táyà, ibẹ̀ lẹrẹ̀ ń sá sí, pọ́ńpù ò dé ibẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà mo máa ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ihò yẹn kì í ṣe àléébù o, kómi lè jáde ni wọ́n ṣe dá a sí i. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, omi dúdú ń dà ṣọ̀ọ̀ bí ìgbà tọ́mọdé ń tọ̀. Ewé máńgòrò náà máa ń dí ibi tí wápà ń gbé, ẹ máa kó o kúrò. Kí wọ́n má sì gbé ẹnu pọ́ńpù sún mọ́ àwọn rọ́bà ìdí táyà tàbí inú ẹ́ńjìnì.

Ara òkè? Ẹ gbé e síbòòji, ẹ bomi ṣan iyanrìn kúrò ná kí kànìnkànìn tó kàn án, garawa méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan, kí kànìnkànìn táyà dá yàtọ̀. Ẹ ra ṣámúpù mọ́tò, Omo máa ń bó wáàsì ara pẹ́ǹtì lọ. Nígbà ọyẹ́ ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu eruku, ìlà tínńtínńtín tẹ́ ẹ ń rí lára mọ́tò dúdú, ibẹ̀ ló ti ń wá. Tí táyà bá ṣì gbóná, ẹ má bomi lu bírékì. Tẹ́ ẹ bá wá fọ̀ ọ́ tán, ẹ tẹ bírékì díẹ̀díẹ̀ nínú ọgbà kẹ́ ẹ tó bọ́ sí títì.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ fi nǹkan kun abẹ́ ẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó sá sóòrùn bí ọjọ́ méjì, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà, kí wọ́n fi pírámà, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kùn, kùn ún, kí wọ́n tó wá fi ọ̀dà abẹ́ mọ́tò lé e, kí wọ́n má dí àwọn ihò yẹn o. Wẹ́lídà gba owó lọ́wọ́ mi lórí Camry yẹn tó fi sú mi, mo tà á. Ẹ gbé Corolla yẹn sókè lọ́la, ẹ ya fọ́tò abẹ́ ẹ̀ wá, ká jọ wò ó.