Pépà pupa ojú fèrèsé àwọn ará Ṣáínà: àwúre kọ́ o

Ẹnìkan béèrè pé kí ni ìtumọ̀ pépà pupa tí òun rí ní ilé ìtajà, tí wọ́n gé àwòrán sí, tí àwọn ará Ṣáínà máa ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé nígbà ọdún tuntun wọn, àti pé ibo ló ti ṣẹ̀ wá. Ẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn ní àwúre ọjà ni. Ẹnìkejì ní ẹ̀ṣọ́ lásán ni, pé Beijing ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Inú bí mi sí ìdáhùn méjèèjì. Ṣé gbogbo ohun tójú wa ò bá rí rí ni a ó máa pè ní oògùn ni? Xi'an tí í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ Shaanxi ní Ṣáínà ni mo ti kàwé, mo sì ti jókòó ti àwọn ìyá àgbà tó ń gé e.

Fèrèsé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní àríwá Shaanxi, ara òkè erùpẹ̀ tó pọ́n rúsúrúsú ni wọ́n ń gbẹ́ ilé sí. Yaodong ni wọ́n ń pè é. Iwájú nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, nítorí náà fèrèsé ló gba iwájú ilé: igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ra wọn ní igun mẹ́rin mẹ́rin, tí wọ́n wá fi pépà funfun bò. Kò sí gíláàsì láyé àtijọ́. Èéfín àti atẹ́gùn á ti ba pépà náà jẹ́ kí ọdún tó yí po. Bí ọdún tuntun bá ti ń kanlẹ̀kùn, wọn á ya ti àtijọ́ dànù, wọn á lẹ òmíràn. Ṣùgbọ́n funfun ni àwọ̀ ọ̀fọ̀ lọ́dọ̀ wọn, pupa ni àwọ̀ ayọ̀. Ta ni yóò fi funfun nìkan wọ ọdún? Ibi tí pépà pupa ti wọlé nìyẹn, èmi ò sì ní yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí: fèrèsé ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ilé ń ṣe. Àwọn fúnra wọn ń pè é ní òdòdó ojú fèrèsé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé Turpan, ní Xinjiang tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí èyí tó pẹ́ jù, ti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà. Òótọ́ ni. Inú ibojì ni wọ́n ti rí i, àwòrán ẹṣin wà lára òmíràn, ọ̀bọ wà lára òmíràn. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ ni Turpan. Pépà tí wọ́n bá sin síbẹ̀ kì í tètè jẹrà, nígbà tó jẹ́ pé ti ibi tí òjò ń rọ̀ á ti di ilẹ̀ tipẹ́. Ibi tí nǹkan ti pẹ́ láìbàjẹ́ kọ́ ló bí i dandan.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni bí ìyá ṣe ń fi àwòrán sílẹ̀ fún ọmọ. Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin yìí kò mọ̀wé kọ. Ìyá á tẹ́ èyí tó ti gé tẹ́lẹ̀ sórí pépà funfun lórí pákó, á wọ́n omi sí i kó lè lẹ̀ típẹ́típẹ́, á wá da ojú rẹ̀ bo iná àtùpà elépo tó ń rú èéfín. Èéfín á sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú. Bó bá ti gbẹ, á ṣí ti òkè kúrò, àwòrán á sì hàn ní funfun láàárín dúdú. Ọmọ á gbé àlùmọ́gàjí, á máa gé e tẹ̀ lé e.

Ní ti ìtumọ̀, ohùn ló ni ín. Bí wọ́n ṣe ń pe ẹja ni wọ́n ń pe àjẹṣẹ́kù, nítorí náà ẹni tó gé ẹja ń tọrọ ọdún tí oúnjẹ kò ní tán nílé. Àdán sì ń dún bí oríire. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àrokò, ṣé ó yẹ kí èyí ṣòro fún yín? Àwọn bàbá wa fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ pé ọkàn àwọn fà sí ẹni, nítorí ẹ̀fà ni. Ẹ ò pe ìyẹn ní àwúre.

Kì í ṣe Shaanxi nìkan ló ń gé e o. Ní Yuxian, ní Hebei, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, wọ́n á sì kun ún ní oríṣiríṣi àwọ̀. Yangzhou gbajúmọ̀ fún ọnà wínníwínní. Foshan, tí kò jìnnà sí Guangzhou tí àwọn oníṣòwò wa ń ná, máa ń lo bàbà pẹlẹbẹ mọ́ pépà.

Ṣùgbọ́n Ku Shulan ti Xunyi, ní Shaanxi, ni kí ẹ lọ wá iṣẹ́ rẹ̀ wò. Wọ́n bí i ní 1920, ó kú ní 2004. Ní 1985 ó já sínú ọ̀gbun, ó dákú lọ fún ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó jí, ó ní òun ti di òrìṣà àwọn tó ń gé òdòdó pépà. Láti ìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ pépà aláwọ̀ kéékèèké jọ di àwòrán ńlá, òòrùn lápá kan, òṣùpá lápá kejì, òrìṣà obìnrin náà láàárín.

UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ iṣẹ́ pépà gígé yìí mọ́ àwọn àjogúnbá aráyé ní 2009. Ó dára, ṣùgbọ́n gíláàsì ti gba ojú fèrèsé, àwọn ọmọ ti lọ sí ìlú ńlá, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi èéfín da àwòrán kọ sì ń dín kù. Èyí tí ẹni tó béèrè rí ní ilé ìtajà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rá tí ẹ̀rọ gé. Ìtumọ̀ ẹja tó wà lára rẹ̀ kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni kò di oògùn.