Ẹ Bi Wá Léèrè Owó: Aṣọ Ojúde Ọba, Owó Obì, Gààrí Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dọọdún ni aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà) wa fún Ojúde Ọba máa ń ká mi mọ́ láìní owó lọ́wọ́. Léṣìí, mo yá ₦100,000 lọ́wọ́ àwọn tó ń gbowó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ni mo lè ṣe tí mi ò fi ní yáwó mọ́? – Onídìrí, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iye tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń ná yín. Ká ní ₦5,000 lẹ ń san lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, ₦120,000 lẹ dá padà. Wọ́n á ní èlé náà ò ju ₦20 lórí ₦100 lọ. Wọn ò purọ́, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ tán. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ ti ń dá owó olówó padà. Nígbà tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ìdajì rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ yín, síbẹ̀ orí odindi ₦100,000 ni wọ́n ti ṣírò èlé. Bí wọ́n bá tún di ₦10,000 mú kí wọ́n tó kówó fún yín, ₦90,000 lẹ gbà, èlé orí ₦100,000 lẹ san.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, òṣùpá ni wọ́n sì fi ń ka Iléyá. Bí ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń tètè dé ju ti èṣí lọ: 18 oṣù kẹfà ni ti 2024, ti 2025 bọ́ sí 8 oṣù kẹfà. Ẹni tó bá ń ka oṣù 12 gbáko, ọdún á dé kí owó rẹ̀ tó pé. Oṣù mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìṣirò yín, kí télọ̀ náà lè ráyè, torí owó ìránṣọ kì í dúró sójú kan bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ẹ kọ gbogbo ìnáwó náà sílẹ̀, kì í ṣe ti aṣọ nìkan. Ká ní aṣọ jẹ́ ₦60,000, ìránṣọ ₦15,000, gèlè àti bàtà ₦20,000, owó ẹgbẹ́ ₦10,000, oúnjẹ àlejò ₦25,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦130,000. Oúnjẹ àlejò yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, òun gan-an ló sì ń gbé èèyàn lọ sílé olówó èlé. (A ò fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i o. Ẹ yá ti ẹ̀gbọ́n yín lò.)

₦500 lójúmọ́ lọ́dọ̀ alájọ tó o. Owó ọjọ́ kan ni alájọ ń mú lóṣù. Nínú oṣù ọlọ́jọ́ 31, ẹ dá ₦15,500, ẹ kó ₦15,000. Ní oṣù mẹ́wàá, ó máa tó ₦147,000, nítorí náà bí ọjọ́ ba burú tẹ́ ẹ pa tó ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ, owó aṣọ ṣì pé. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kéèyàn máa já a gbà láàárín oṣù. Ẹni tó dá ọjọ́ mẹ́wàá péré tó ní kí wọ́n kó o fóun, ₦500 yẹn náà ni alájọ máa yọ nínú ₦5,000: ìdá kan nínú mẹ́wàá ti lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí owó oṣù mẹ́wàá sùn sọ́dọ̀ alájọ. Ẹ máa kó o bí oṣù bá ti parí, kẹ́ ẹ fi í sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí ẹ ò gba káàdì ATM rẹ̀. Ojú yín ni kí alájọ ti máa sàmì sí káàdì àjọ méjèèjì, tiyín àti tirẹ̀, lójoojúmọ́.

Mo ta obì, ₦3 mílíọ̀nù wà nílẹ̀ títí di ìkórè tó ń bọ̀. Báǹkì microfinance kan fẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ wá. Bí báǹkì náà bá wó ńkọ́? – Oníṣòwò obì, Ṣágámù

NDIC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báǹkì, gbé ìdíwọ̀n rẹ̀ sókè ní 2024: ₦5 mílíọ̀nù fún báǹkì ńlá, ₦2 mílíọ̀nù fún microfinance. Bí báǹkì kékeré yẹn bá wó, ₦2 mílíọ̀nù ló dájú. Ìyókù á dúró de ìgbà tí wọ́n bá ta dúkìá báǹkì náà, ó sì lè má pé. Àkáǹtì méjì lórúkọ kan náà nínú báǹkì kan ò ṣèrànwọ́, wọ́n á rò ó pọ̀ ni. Báǹkì méjì ni kẹ́ ẹ pín in sí. Owó ọwọ́ alájọ àti ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò sí lábẹ́ ètò yìí rárá.

Bí apá kan bá wà tẹ́ ẹ ò ní fọwọ́ kàn fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, FGN Savings Bond wà, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá lọ́wọ́ aráàlú. ₦5,000 lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èlé ń wọ àkáǹtì. Owó tẹ́ ẹ máa fi ra obì lọ́dún tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀ o. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ẹ ní láti wá ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín, ó sì lè má rà á ní iye tẹ́ ẹ fi rà á.

Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé yàrá, gààrí kì í bá wa parí oṣù. – Akẹ́kọ̀ọ́, Agọ́-Ìwòyè

Ẹ yé fi kọ́ọ̀pù rà á. Ẹ dáwó jọ, kẹ́ ẹ ra àpò kan, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi kóńgò wọ̀n ọ́n lójú yín, torí àpò ju àpò lọ. Ẹ wo ìdí kóńgò náà bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bu gààrí sọ́wọ́, kẹ́ ẹ fún un pọ̀: bó bá dì, kò gbẹ, yóò hu. Eyí tó gbẹ ni kẹ́ ẹ pín sínú ike mẹ́rin tó ní ìdérí, kí olúkúlùkù mọ tirẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí tútù bọ̀ ọ́, ẹ má sì da tuntun lé èyí tó kù nísàlẹ̀ ike.