Òru Fúráìdé ló ń pinnu ìje Sátidé

Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ní Columbus, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Ẹ ní ẹgbẹ́ yín fẹ́ gbé sprint car, mọ́tò ìje orí pápá amọ̀, wá sí Pennsylvania fún ìgbà àkọ́kọ́, pápá ìje Williams Grove ní Fúráìdé, ti Lincoln ní Sátidé, ẹ wá ń béèrè ohun tí ẹ máa kó dání, àti bóyá kí ẹ yá ẹ́ńjìnnì kejì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn tú ẹsẹ̀ mọ́tò wọ̀nyí ní agbègbè yìí. Lójú tèmi, wákàtí tó wà láàárín ìje méjèèjì ló ń ba irú ìrìn àjò yìí jẹ́ jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fọkàn sí.

Tí ìje Fúráìdé bá parí, ilẹ̀ ti ṣú gan-an, ebi ń pa yín, ẹrẹ̀ ti bo mọ́tò látòkè délẹ̀. Ẹnì kan á sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká tì í sínú tírélà, ká fọ̀ ọ́ láàárọ̀." Ẹ má gbà fún un. Amọ̀ ibí yìí máa ń gan mọ́ irin tó bá sùn síbẹ̀, ó sì máa ń bo ohun tó ti fọ́ mọ́lẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìje ní Grove, mo ń fi ike ha ẹrẹ̀ kúrò lára radius rod, ọ̀pá irin tó di áàsù mú, ti ọwọ́ òsì lẹ́yìn. Nígbà tí mo fi àkísà nù ún, mo rí ìlà dúdú kan lẹ́bàá ẹnu ibi tí rod end, ìyẹn orí tí wọ́n fi ń de ọ̀pá náà, ti wọlé. Kò nípọn ju irun orí lọ. Mo fi èékánná wọ́ ọ, ó kọ́ mi ní èékánná. Irin yẹn wà lára ohun tó di áàsù ẹ̀yìn mú kó má baà sún, awakọ̀ wa sì ti fi mọ́tò náà sáré títí ìje fi parí láìmọ nǹkan kan. Ká ní ó já lábẹ́ rẹ̀ ní Lincoln ńkọ́? Mọ́tò tí kò wúwo ju nǹkan bíi 1,400 pọ́n-ùn lọ, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára tó 900 horsepower! Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ di àárọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ha èyí tó pọ̀ kúrò kí ẹ tó lọ síbi ìfọmọ́tò, kí ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ oníbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ni kì í fẹ́ ẹrẹ̀ wa nínú gọ́tà wọn.

Òru yẹn náà ni kí ẹ pààrọ̀ gíá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mọ́tò yìí kò ní gíábọ́ọ̀sì, kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Gíá tí ẹ bá fi sẹ́yìn ni ẹ máa fi sá gbogbo ìje. Ìdajì máìlì ni Grove, Lincoln kò ju 3/8 lọ, gíá kan náà kò lè bá méjèèjì mu. Ẹ yẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wò pẹ̀lú. Methanol, epo tí mọ́tò yìí ń lò, máa ń jò wọ inú rẹ̀, tí ó bá sì ti ń funfun, ẹ dà á nù.

Ẹni tó máa wa tírélà kò gbọdọ̀ sí nínú iṣẹ́ yìí rárá. Ẹ jẹ́ kó jẹun, kó lọ sùn. Ẹ tètè gba hòtẹ́ẹ̀lì o, torí ní òpin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣe ìpàtẹ mọ́tò ní Carlisle, ẹ lè wá yàrá tì.

Lójú ọ̀nà láti Columbus, gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró ra epo, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ họ́ọ̀bù táyà tírélà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju ìyókù lọ, bérìn rẹ̀ ti ń lọ nìyẹn, òkè Allegheny sì wà níwájú yín. Ẹ tún fa bẹ́líìtì tí ẹ fi de mọ́tò, ó máa ń dẹ̀. Ẹ má gbàgbé garawa omi níbi tí ẹ bá ti ń da methanol: iná rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú ọ̀sán, omi sì ń pa á.

Ní ti ẹ́ńjìnnì kejì, tí ẹ bá ní in nílé, ẹ gbé e wá. Tí ẹ ò bá ní, ẹ má tọrùn bọ gbèsè nítorí rẹ̀. Ẹ fi owó yẹn ra radius rod, áàsù iwájú àti ìyẹ́ iwájú, torí àwọn wọ̀nyẹn ló máa ń tètè lọ. Tí nǹkan tí ẹ ò kó wá bá bàjẹ́, ẹ lọ bá àwọn tí tírélà wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ sọ ọ́ láìtijú. Mo ti rí i tí wọ́n yá ẹni tó fẹ́ na àwọn fúnra wọn ní irin, tí wọ́n sì tún bá a dè é mọ́ ọn.